Ohun Tí A Fi Ń Yin SQLAlchemy Kọ́ Ló Wúlò Jù Nínú Rẹ̀

Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi Python ṣe project bá fẹ́ sọ ìdí tó fi lo SQLAlchemy, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wa ń kọ: "Mo lè kúrò lórí MySQL bọ́ sórí PostgreSQL láìyí kóòdù padà." Èmi ò fara mọ́ ọn. Ta ló ń pààrọ̀ dátábéèsì nínú wa? Ẹni tó bá sì pààrọ̀ ẹ̀, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, MySQL 8 kì í ka àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí tó bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Oko, ọkọ́ àti ọkọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Lójú PostgreSQL, mẹ́ta ni wọ́n. Adé tí ẹ fi "Ade" wá lánàá tí ẹ rí, ẹ ò ní rí i mọ́ lónìí. SQLAlchemy ò sì ní bá yín tún ìyẹn ṣe. (Àwa tí orúkọ wa kún fún àmì ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.)

Ìsopọ̀ gan-an ni ibi tó ti wúlò jù. Gbogbo ìsopọ̀ tí ẹ bá ṣí ni PostgreSQL ń dá process tirẹ̀ sílẹ̀ fún lórí sáfà, 100 péré ló sì ń gbà bí ẹ kò bá fi kún un. Ẹ ṣí tuntun fún gbogbo ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì, kí èsì ìdánwò wá jáde lọ́jọ́ kan!

Pool ni SQLAlchemy fi yanjú ẹ̀. Ẹ wò ó bíi korobá etí kànga. Márùn-ún ló máa ń tọ́jú síbẹ̀. Ẹni tó bá fà tán á dá a padà kí ẹlòmíràn lò ó. Bí èrò bá pọ̀, á fi 10 kún un. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ èèyàn, ẹni tó bá dé á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà error ló kàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn "with engine.connect()": bí kóòdù tiẹ̀ dànù láàárín, korobá á padà sí àyè rẹ̀. Àwọn kan sì wà tó ń pe create_engine nínú gbogbo function. Korobá tuntun fún gbogbo ẹni tó ń pọnmi nìyẹn. Kí wá ni wọ́n fi pool ṣe?

Ṣùgbọ́n pool kan ò mọ̀ pé òmíràn wà. Worker kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ gbé worker 8 kalẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìsopọ̀ 15 mú, ó di 120 lọ́wọ́ dátábéèsì tó ń gba 100. Nígbà tí ẹ̀yin nìkan ń dán an wò lórí laptop yín, ẹ ò lè rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ara yín dán defence wò ní hostel, ẹ yéé bi ara yín pé "Kí ló dé tó o fi lo SQLAlchemy?" Ẹ béèrè pé: worker mélòó, pool mélòó, dátábéèsì rẹ ń gba mélòó?