Aṣọ Iṣẹ́ Kò Mọ̀ Pé Ẹ Ti Ṣíwọ́

Bí bàbá ẹni bá ṣubú lóru, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá kan kò gbé mọ́, tí wọ́n wá pe 767 tàbí 112 ní Èkó, àwọn tó máa sọ̀ kalẹ̀ nínú áńbúláǹsì tó bá dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n rí nínú ilé náà. Wọn kì í ṣe dókítà àdúgbò tó ti ń tọ́jú ẹbí láti ọjọ́ ìkómọ. Kò sáyè pé à ń bi ara wa léèrè ilé àti ọ̀nà. Kíá, ìyá yóò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọ yóò ṣí yàrá sílẹ̀, wọn yóò jẹ́ kí àjèjì fa ẹ̀wù ya mọ́ bàbá wọn lára, kó gún un lábẹ́rẹ́, kó gbé e jáde lọ. Kí ni wọ́n rí tí ọkàn wọn fi balẹ̀? Aṣọ ni. Wọ́n ní aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Níbi tí ẹ̀mí bá ti fẹ́ bọ́, òwe náà kì í ṣe àwàdà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí ni mò ń bá wí: ẹ̀yin awakọ̀ áńbúláǹsì, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà ẹ̀ka pàjáwìrì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aláìsàn láti ẹ̀bá títì. Iṣẹ́ yín kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Aṣọ tó wà lọ́rùn yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣíwọ́ ni.

Ẹ wo ilé ọtí èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ilé ìwòsàn ńlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní scrubs, aláwọ̀ ewé, tí orúkọ ilé ìwòsàn wà láyà rẹ̀ gàdàgbà. Káàdì ìdánimọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀; bó bá ti tẹ̀ síwájú báyìí, káàdì á fẹ́ẹ̀ kan pẹpẹ súùpù. Ìgò kan ti tán, èkejì ti dé àbọ̀. Ata súyà ti ta sí i lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò, pupa rẹ̀ sì lè jẹ́ ata, ó sì lè má jẹ́ ata, ẹni tó ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán kò lè mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọkùnrin kan ṣe ń pariwo nígbà tí wọ́n ń to eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Kò ṣẹ òfin kankan. Ó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ kùtùkùtù, owó rẹ̀ ló fi ń mutí, ara rẹ̀ ló sì ń sinmi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó sí tábìlì kejì, ìyá rẹ̀ ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn yẹn gan-an. Kò mọ̀ bóyá ọmọkùnrin yìí ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni tàbí ó ń lọ síbẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún un? Ohun tó máa wí nígbà tó bá délé ni pé, "Ẹ ò rí i bí? Ọtí ni wọ́n ń mu níbẹ̀." Láti ọjọ́ náà lọ, bí nọ́ọ̀sì mìíràn, tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀, bá ní òun fẹ́ gún ìyá náà lábẹ́rẹ́, ojú ìfura ni obìnrin yìí yóò fi máa wò ó. Ẹni tó jẹ gbèsè kọ́ ló ń san án.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ṣùgbọ́n nínú aṣọ iṣẹ́, ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n ń rí. Àwọn baba wa mọ èyí dájú. Ta ló gbé ẹ̀kú sọ́rùn rí lọ ná ẹja lọ́jà? Bí egúngún bá ti ṣeré tán, wọ́n á dá ẹ̀kú padà síbi tó ń gbé. Ọkùnrin tó bọ́ ọ lè wá lọ sídìí ẹlẹ́mu, kó mu tó bó ṣe wù ú, kó tilẹ̀ jà, kò sẹ́ni tó máa ní ará ọ̀run ló mutí yó. Kò sí ẹ̀tọ́ kankan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òmìnira ni wọ́n fún un.

Nídìí iṣẹ́ pàjáwìrì, ìgbẹ́kẹ̀lé yìí kò tíì pọ̀ débi tí a ó máa fi ṣòfò. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú wa ṣì gbà pé òkú ni áńbúláǹsì ń gbé. Bí wọ́n bá gbọ́ fèrè rẹ̀ lójú títì, àwọn kan á ní olówó kan ló ń sá fún sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Láti ọdún 2001 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá LASAMBUS, iṣẹ́ áńbúláǹsì ìpínlẹ̀ náà, sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń yí èrò yìí padà, láti orí aláìsàn kan bọ́ sórí òmíràn. Kò sì yàtọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ń wò bí àwòkọ́ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn, títí di nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, ọkọ̀ àwọn asìnkú ló ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn; ní ìlú Pittsburgh, ọlọ́pàá ló ń jù wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀. Ọdún 1967 ni iṣẹ́ áńbúláǹsì Freedom House bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú láti àdúgbò Hill District, tí àwọn ènìyàn ti ní wọn kò lè wúlò, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì tó jinlẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi han ayé pé ìtọ́jú gidi lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀. Orúkọ rere tí iṣẹ́ yìí ní kò tíì pẹ́.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, nítorí a máa ń sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ní England, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ lónìí, gbé ìlànà aṣọ jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn. Wọ́n ní kí apá ẹ̀wù má kọjá ìgbọ̀nwọ́, kí a bọ́ aago ọwọ́, kí a yọ táì. Nígbà tí wọ́n dé orí aṣọ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀ nínú ọkọ̀ èrò, wọ́n sọ òótọ́ láìfi bò: kò sí ẹ̀rí pé ó ń tan àrùn kálẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́, tàbí kó fi nǹkan bò ó lórí ìrìn, nítorí pé bí ará ìlú bá rí i, ọkàn wọn kò ní balẹ̀ mọ́. Irú ìlànà yìí ló wù mí. Kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, kò sì fi ojú ará ìlú ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì bá ti kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì kì í jókòó sí ọ́fíìsì. Ó ń kúnlẹ̀ sínú gọ́tà, ó ń gbé ẹni tí orí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ mọ́ àyà. Aṣọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ danfo, kò sì gbọ́dọ̀ bá aṣọ ọmọ ọwọ́ wọ inú bàsíà kan náà. Ìlànà àwọn ará England yẹn ní bí a bá fọ aṣọ iṣẹ́ nínú omi tó gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí Celsius fún ìṣẹ́jú 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kòkòrò àrùn tí yóò kù lára rẹ̀; omi bẹ́ẹ̀ gbóná ju omi tí ọ̀pọ̀ wa fi ń fọṣọ lọ́wọ́ lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ lè se omi, kó rẹ aṣọ náà lọ́tọ̀, kó sá a sí oòrùn, kó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ẹni tó wà ní Èkó ní ọdún 2014 mọ ohun tí ìpayà ń ṣe. Ní oṣù Keje ni àrùn Ebola wọ̀lú. Ogún ènìyàn ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn àkọ́kọ́ kò ní kúrò ní ilé ìwòsàn, wà lára àwọn tó kú, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Kí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ènìyàn ti fi omi iyọ̀ wẹ̀, àwọn mìíràn mu ún, a kò bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó wọ scrubs gun danfo, ì báà fọ̀ ọ́ títí kó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, jìnnìjìnnì ló ń dá sílẹ̀ láàárín èrò. Bí àjàkálẹ̀ mìíràn bá dé, kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ aṣọ.

Tíṣáàtì wá ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì kárí ayé fẹ́ràn tíṣáàtì tó ń polongo iṣẹ́ wọn. Àmì tó wọ́pọ̀ jù lára rẹ̀ ni ìràwọ̀ búlúù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ejò lọ́ mọ́ ọ̀pá láàárín. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìn tí àjọ Red Cross wọn ṣàròyé ní ọdún 1973 pé àgbélébùú olómi-ọsàn tí àwọn áńbúláǹsì ń lò ti jọ tiwọn jù. Ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró fún iṣẹ́ mẹ́fà, láti orí kíkẹ́fín pé ewu wà títí dé orí gbígbé aláìsàn lé ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Mi ò lòdì sí kí ènìyàn fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn. Àwàdà tí wọ́n ń kọ sábẹ́ ìràwọ̀ náà ni mo lòdì sí, àwàdà nípa ẹ̀jẹ̀, nípa òkú, nípa ọtí. Láàárín ara yín nínú yàrá ìsinmi, ó lè jẹ́ ohun tí ẹ fi ń gbé ẹrù tó wà lọ́kàn yín. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó bá pàdé tíṣáàtì náà lọ́jà, kò ní rẹ́rìn-ín.

Ìṣòro mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà òkìrìkà ní Kàtángúwà, ẹ ó rí aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn tàbí áńbúláǹsì ìlú òyìnbó sí lẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni lè rà lówó pọ́ọ́kú. Scrubs náà, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ni télọ̀ ń rán an fún. Bí òṣìṣẹ́ gidi bá ń wọ aṣọ yìí káàkiri ọjà, ilé ọtí àti òde ìnáwó, ojú àwọn ará ìlú á mọ́ ọn lára, wọn kò ní bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mọ́. Ayédèrú dókítà kò ní nílò ju aṣọ lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn. Èkíní, ẹ ó ní aṣọ yìí ń gbà yín lọ́wọ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà lóru. Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà. Ìjọba ti yọ òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, síbẹ̀ ọlọ́pàá ń dá wọn dúró, débi pé ẹgbẹ́ àwọn dókítà, NMA ẹ̀ka Èkó, ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ dá ènìyàn dúró kò wo scrubs. Káàdì ìdánimọ̀ tó péye àti ọ̀gá tó ń gbé fóònù ló lè gbani.

Èkejì ní láárí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níwájú ẹni nígbà tí a ti bọ́ aṣọ ńkọ́? Èrò á ti péjọ, àwọn kan á ti máa fa ọrùn ẹni tó fara pa, àwọn kan á ti máa bu omi sí i lórí. Bí ẹ bá dé nínú jíǹsì pẹ̀lú sálúbàtà, tí ẹ ní "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má gbé e," agbèrò kan á bi yín pé, "Ìwọ ta ni?" Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ohun tó lè wọ inú báàgì lọ: káàdì ìdánimọ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti ẹ̀wù àwọ̀lékè aláìlápá tó ń kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i. Ẹ wọ̀ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá dé, ẹ bọ́ ọ nígbà tí áńbúláǹsì bá gbé ẹni náà lọ. Ẹni tó bá sì ti mu ìgò méjì kò gbọ́dọ̀ fa káàdì yọ. Kó pe 112, kó lé èrò sẹ́yìn, kó dúró ti ẹni náà.

Ẹ̀yin ará ìlú náà, ẹ má ṣe máa sọ pé gbogbo ẹni tó bá wọ scrubs ni dókítà. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun wá gba ẹ̀jẹ̀ lára ìyá yín nílé, ẹ ní kó fi káàdì hàn, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn tó rán an. Òṣìṣẹ́ gidi kò ní bínú.

Ìdáhùn kẹta tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fún mi ni èmi fúnra mi kò lè já ní koro: wọn kò ní ibi tí wọn yóò ti pààrọ̀ aṣọ. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù, balùwẹ̀ kò lómi, yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ti kún fún bẹ́ẹ̀dì tó kán àti páálí. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí, tí inú rẹ̀ dùn, tó ti fẹ́ tẹ lẹ́tà ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kó kọ́kọ́ dìde lórí àga. Kó lọ ṣí ẹ̀rọ omi inú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ wọn wò, kó wò ó bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì fún àwọn obìnrin, kó ka iye kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ṣì fẹ́ kọ lẹ́tà, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń fọwọ́ sí owó àtúnṣe.