Màmá, Ẹ Má Tíì Pe Ọlọ́pàá: Wákàtí Mélòó Ni Èkó sí London?

 

Ìyá kan tó ń ta aṣọ n'Íbàdàn ló kọ lẹ́tà sí wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ bàálù l'Ékòó, ó ń lọ bá ọkọ ẹ̀ ní London. Àna rẹ̀ ti sọ fún un pé wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni. Ìyá ka mẹ́fà, ó ka mẹ́wàá, ó ka mẹ́tàlá, fóònù ọmọ kò lọ. Ló bá figbe ta: "Ó ti ta ọmọ mi o!" Èébú tó bu àna rẹ̀ lórí fóònù kò ṣeé tẹ̀ jáde. Díẹ̀ ló kù kó mú ọlọ́pàá lọ bá àwọn òbí ọkọ. Lẹ́yìn wákàtí 17 ó lé díẹ̀, ọmọ pè: "Màámi, mo ti dé."

Ìyá wá ń bi wá pé, ta ló parọ́ fóun?

Màmá, kò sẹ́ni tó parọ́. Ọ̀nà ló yàtọ̀.

Èkó sí London tó bíi kìlómítà 5,000. Bàálù tí kò bá dúró níbì kankan á gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà, á fo òkun Mẹditaréníà, á wọ London ní bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Òótọ́ làna yín sọ.

Ṣùgbọ́n mo ka ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Addis Ababa, olú-ìlú Ethiopia, ló gbà. London wà lápá àríwá wa, Addis wà níhà ìlà-oòrùn. Èkó sí Addis, bíi kìlómítà 3,900, wákàtí márùn-ún. Addis sí London, bíi 5,900, wákàtí mẹ́jọ. Ẹ gbọ́ o: nígbà tọ́mọ yín sọ̀ ní Addis, ó tún jìnnà sí London ju ìgbà tó wà l'Ékòó lọ! Bí ẹni tó fẹ́ lọ Ọ̀yọ́ láti Ìbàdàn, tó kọ́kọ́ gba Ifẹ̀ ni. Ẹ fi wákàtí mẹ́rin tó fi dúró de bàálù kejì kún un, 17 pé.

Ẹ ṣọ́ra fún aago pẹ̀lú. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Addis fi wákàtí méjì ṣíwájú wa. London àtàwa jọ ń lo aago kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni, ṣùgbọ́n nígbà òtútù, àwa la fi wákàtí kan ṣíwájú.

Ẹ̀rù yín kò burú, Màmá. Àwọn tó ń ta ọmọ ọlọ́mọ wà lóòótọ́. Nítorí náà, kọ́mọ tó gbéra, ẹ gba ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ bèèrè ìlú tó máa dúró sí, ìgbà tó máa débẹ̀, àti ìgbà tó máa kúrò. Kó sọ bó ṣe máa pè yín níbẹ̀.

Ọkọ̀ òkun Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò láti Èkó dé Liverpool. Àwọn ìyá ìgbà yẹn ní sùúrù, wọ́n ń retí lẹ́tà.

Ó ku iṣẹ́ kan: èmi ọmọ yín bẹ̀ yín, ẹ pe àna yín padà lónìí, kẹ́ ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ tún un ṣe. Ọmọ yín ló ń bá a gbélé.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.