Àlùfáà Kì Í Dúró De Ìpele Kẹta

Sí Olóòtú,

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ka lẹ́tà ẹni tí ó yin òfin ọdún 2024 nínú eré Dungeons & Dragons, èyí tí ó ní kí gbogbo ẹ̀dá ìtàn dúró di ìpele 3 kí wọ́n tó yan ẹ̀ka iṣẹ́ wọn; ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba.

Jagunjagun lè dúró, nítorí ojú ogun ni í kọ́ akin ní ìjà, ọ̀gbẹ̀rì eléré a sì ráyè mọ òfin. Ṣùgbọ́n àlùfáà tí kò tíì mọ òrìṣà tí òun ń sìn, irú àlùfáà wo nìyẹn? Oṣó tí agbára rẹ̀ ti inú ẹ̀jẹ̀ wá ńkọ́? Nínú ìwé òfin ọdún 2014, ìpele 1 ni àwọn méjèèjì ti ń yan ọ̀nà wọn: bí àlùfáà tí ó yan ọ̀nà Ìyè bá fi ọfọ̀ ìpele kìn-ín-ní wo ọgbẹ́, ó ń fi àmì ẹ̀mí 3 lé ohun tí àlùfáà mìíràn lè wò. Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.

Kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ dúró. Ẹni tí a bí iṣẹ́ mọ́, ẹ má dá a dúró.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín