Ta Ló Kọ Ìwé Obìnrin Burúkú?

Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, bí obìnrin bá lówó, tó sì lẹ́nu, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa pè é ní Ẹfúnṣetán. Orúkọ Ìyálóde Ìbàdàn ti di èébú. Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi kò fara mọ́ ọn.

Mo fẹ́ràn eré oníṣe Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó jáde ní 1970. Obìnrin inú ìwé yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ! Kò wojú ọkùnrin kankan kó tó sọ tinú rẹ̀. Ìkà sì ni, ká má parọ́. Nígbà tí Látòósà ṣẹ́gun rẹ̀, ó gbé májèlé jẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán ni wọ́n rán láti pa á lóru ní 1874, lẹ́yìn tí Látòósà ti gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ẹ̀sùn mẹ́ta: kò bá Látòósà lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò jáde wá kí i káàbọ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Ẹ bá mi wá ìkà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!

Obìnrin yìí ló ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn ológun. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Òkè-Ajé, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí àwìn ń ṣe. Ẹni tó tajà láwìn títí, tó wá ní ó tó gẹ́ẹ́, ṣé ìkà nìyẹn?

Ẹnìkan yóò ní, "Ṣé kò fìyà jẹ ẹrú ni?" N kò fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn ìjòyè ogun Ìbàdàn ayé ìgbà náà ni kò lẹ́rú? Síbẹ̀, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi orúkọ Látòósà bú ọkùnrin olówó.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, Chaucer ará Ìlú Ọba kọ ìtàn Alison ará Bath, ahunṣọ tó fẹ́ ọkọ márùn-ún, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ọkọ karùn-ún a máa ka ìwé kan sí i létí, ìtàn àwọn ìyàwó burúkú ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó sú Alison, ó fa ìwé náà ya. Ọkọ lù ú títí etí rẹ̀ kan fi di. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ò di: bó bá jẹ́ pé obìnrin ló ń kọ ìwé, kí ni wọn ì bá kọ nípa ọkùnrin?

Ọkùnrin ni Chaucer, ọkùnrin ni Ìṣọ̀lá. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé wọ́n jẹ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀. Àwa tó ń kà á ni a kò gbọ́, àfi èébú tí a rí he níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọbìnrin yín bá ń ka eré náà nílé ìwé, ẹ sọ ti Johnson fún un pẹ̀lú. Kó mọ̀ pé ìkà kò dára. Kó sì mọ̀ pé kéèyàn béèrè owó ẹ̀ kì í ṣe ìkà.