Ìbọn Ìléwọ́ Olówó Pọ́ọ́kú Kì í Ṣe Ohun Eré

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sí yín láti Ìkẹ́nnẹ́. Ó ní kí ìjọba yọ ìbọn ìléwọ́ kúrò lára ohun tí òfin kà léèwọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn kò tẹ́nu lè rí èyí tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú rà, kí wọ́n máa fi dánra wò lórí àmì, kí Rẹ́mọ náà lè ní ẹni tí yóò gba góòlù bọ̀ láti Òlíḿpíìkì. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ń dun ọ̀gbẹ́ni náà, mo sì kí i fún ìyẹn. Àmọ́ mo bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin má gba ìmọ̀ràn yìí.

Ọmọ ọdẹ ni mí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì sì ni mí. Mo mọ ìbọn níwájú, mo mọ̀ ọ́n lẹ́yìn.

Ṣakabùlà kan ṣoṣo ni bàbá mi fi ṣọdẹ títí wọ́n fi jáde láyé. Ara ògiri lókè ibùsùn wọn ló máa ń wà, nígbà tí mo sì wọ ilé ìwé, mi ò ga tó o. Inú agolo Bournvita ni wọ́n ń tọ́jú ìwé àṣẹ rẹ̀ sí, pẹ̀lú rìsíìtì owó orí. Bí wọ́n bá fẹ́ kì í, wọn á gbé àpótí sí ẹ̀yìnkùlé, wọn á rọ ètù sí i lẹ́nu, wọn á fi ọ̀pá gún un wọlẹ̀, wọn á kó ọta sí i, wọn á tún gún un. Àwa ọmọ á ti jẹ ẹ̀bà tán kí wọ́n tó dìde níbẹ̀. Gbogbo agboolé ló ń mọ̀ pé Bàbá Ọdẹ ń lọ sóko lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí agbádá tó lè bo ìbọn yẹn mọ́lẹ̀, bí inú bá sì bí wọn sí ẹnikẹ́ni, ìbínú náà á ti rọlẹ̀ kí ètù tó dé ìdí ìbọn.

Ẹ wá wo bí òfin ṣe tò wọ́n. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà wà ní ìpín kẹta. Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ òyìnbó àti ìbọn afẹ́fẹ́ wà, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀gá pátápátá ọlọ́pàá ló ń fúnni ní àṣẹ wọn. Ìpín kìíní ni ti bọ́ǹbù, ti ìbọn arọ̀jò ọta, àti ti ìbọn ìléwọ́. Àfi àṣẹ Ààrẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló kéré jù tí yóò fi gbára. Ọ̀gbẹ́ni Ìkẹ́nnẹ́ bèèrè pé kí ni ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ń wá láàárín bọ́ǹbù. Kíkéré rẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wọ àpò ṣòkòtò, tí ó ti ní ọta nínú, tí kò fún ìbínú láyè láti rọlẹ̀, ó burú ju ìbọn gígùn lọ láàárín ìlú.

Ọ̀gbẹ́ni náà tún mẹ́nu ba ará Tọ́kì tí fọ́tò rẹ̀ gba orí fóònù gbogbo wa nígbà Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024, Yusuf Dikeç, ẹni ọdún 51 tó ki ọwọ́ kan bọ àpò, tó sì gba fàdákà òun àti obìnrin tí wọ́n jọ díje. Inú tèmi náà dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí ni ọkùnrin yẹn mú dání? Ìbọn afẹ́fẹ́ ni! Kò sí ètù nínú rẹ̀ rárá. Ọta rẹ̀ kò ju mìlímítà 4.5 lọ, mítà mẹ́wàá ni àmì fi jìnnà sí i, àárín gbùngbùn àmì náà kò sì fẹ̀ ju mìlímítà 11.5 lọ, bí èékánná ọmọdé. Ìbọn tí ọ̀gbẹ́ni wa fi ń ṣe àpẹẹrẹ kọ́ ni ìbọn tó ń bá wa tọrọ.

Ọ̀rọ̀ owó pọ́ọ́kú yìí ló tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Ìbọn tó lè bá àmì bíńtín bẹ́ẹ̀ pàdé, ọ̀nà ọta inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gún régé, apátí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìka ẹni tó ń fà á, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àtẹ́lẹwọ́ mu. Gbogbo ìyẹn lówó ń bá lọ. Ẹ yọ wọ́n kúrò kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀, ohun tó kù kò lè bá àmì lọ́nà jíjìn. Ara ènìyàn tó dúró nítòsí nìkan ló lè bá. Amẹ́ríkà tí kò kórìíra ìbọn pàápàá mọ èyí. Òfin wọn ti ọdún 1968 ní kí wọ́n má ṣe kó ìbọn kékeré tí kò bá eré ìdárayá mu wọlé láti òkèèrè mọ́. Wọn kò dí ti inú ilé, ni àwọn ilé iṣẹ́ kan lágbègbè Los Angeles bá ń yọ́ irin rírọ̀ dà sínú mọ́ọ̀dù, tí ìbọn olówó pọ́ọ́kú sì kún ìgboro wọn.

Ti Bìrìtéènì wá dunni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ìwé àwọn ọmọdé ní Dunblane, Scotland, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Ìbọn ìléwọ́ tó kó lọ ní ìwé àṣẹ, ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn ṣeré ló sì ti ń dánra wò. Kí ọdún 1997 tó parí, wọ́n ti fòfin de ìbọn ìléwọ́, débi pé àwọn eléré wọn ní láti máa lọ dánra wò lókè òkun. Wọ́n fara mọ́ ọn.

Ní tiwa níbí, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n gbé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ gẹ́rígẹ́rí wọlé, itan rẹ̀ ti ya. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń fi ìbọn ìléwọ́ hàn án, èyí tí wọ́n fi páìpù omi jó pọ̀. Ọ̀rẹ́ náà di ìlẹ̀kùn mú, ó ń sọ ohun kan náà ṣáá: "Mọ́mì nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, mo rò pé kò sí ọta níbẹ̀ ni." Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò tọ́ mọ́. Eré ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ní ìbọn tẹ́lẹ̀, pé àwa tí à ń pòfin mọ́ nìkan ni kò ní. Òótọ́ ni pé wọ́n ní in. Àwa tí à ń gbé Ṣágámù ti sá ti ṣọ́ọ̀bù wa kí oòrùn tó wọ̀ nítorí wọn. Ṣùgbọ́n lónìí, ọlọ́pàá tó bá rí ìbọn ìléwọ́ nínú báàgì ọmọkùnrin kan ní ìkóríta márosẹ̀ wa kò ní ìbéèrè púpọ̀ láti bi í. Lọ́la, ọmọ náà á yọ káàdì ẹgbẹ́ eléré jáde. Bóyá tirẹ̀ ni o, bóyá ó yá a ni o, ta ni yóò mọ̀ lóru?

Ohun tí mo rò pé a lè ṣe nìyí. Kí a kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ wa pé kí wọ́n ya gbọ̀ngàn kan sọ́tọ̀ ní pápá ìṣeré Gateway tó wà ní Ṣágámù, kí wọ́n gba àṣẹ ìbọn afẹ́fẹ́ díẹ̀ lábẹ́ ìpín kejì òfin yẹn, kí ìbọn jẹ́ ti gbọ̀ngàn, kí ó máa sùn síbẹ̀ nínú àpótí irin, kí ọmọ kankan má gbé e relé. Bí ọ̀gbẹ́ni Ìkẹ́nnẹ́ bá fẹ́, kí ó kọ ìwé náà, èmi ni n ó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Màkún, Ṣágámù.