Ẹ Má Ra Ìwé Tí Òfin Inú Rẹ̀ Ti Kú

Bí ìdánwò JAMB bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé kan wà tí àwọn òbí ní Ọ̀wọ̀, ní Ifọ̀n àti ní Ìdóàní máa ń sáré wá fún ọmọ wọn: ìwé ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú ìdáhùn, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní páàsì kúẹ́ṣìn. Ó nípọn, wọ́n kọ ọdún tuntun gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó ń tà á á sì búra pé kò sí ohun tí JAMB lè bi ọmọ tí kò sí níbẹ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n sọ. Fún ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó, ìṣàkóso òwò tàbí ìmọ̀ báńkì, yálà ní Rufus Giwa Poly ni o, ní Yunifásítì Achievers ni o, tàbí níbòmíràn, ìpalára ni ìwé yẹn. Ẹ má rà á.

Ẹ bá mi ṣí i. Ẹ lọ sí apá Commerce, ibi tí wọ́n ti béèrè pé èèyàn mélòó ló kéré jù tó lè dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀. Ìwé á ní méjì. Òótọ́ ni nígbà kan, torí òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1990 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ilé-iṣẹ́ tuntun tí a mọ̀ sí CAMA 2020, láti ìgbà náà ni èèyàn kan ṣoṣo ti lè dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣí apá Economics. Orílẹ̀-èdè mélòó ló wà nínú ECOWAS? Nínú ìbéèrè ayé ìgbà kan, ẹ ó rí mẹ́rìndínlógún. Mauritania ti jáde láti ọdún 2000, wọ́n ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Mali, Niger àti Burkina Faso náà bọ́ sóde, ó ku méjìlá. Owó orí ọjà, VAT, tí ìwé ní ó jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, ti di náírà méje àti ààbọ̀ láti oṣù kejì ọdún 2020. Nínú àkáǹtì, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà àgbáyé láti ọdún 2012, orúkọ tí ọ̀gá mi nílé-ìwé fi kọ́ wa láti máa pe ìwé ìṣirò ìparí ọdún ti yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń pè é lónìí.

Ọmọ tó ń lọ kọ́ ìmọ̀ físíìsì lè máa yọ̀. Òfin Newton ò tíì yí padà, ìbéèrè ọdún 1988 sì lè wúlò fún un títí di ọ̀la. Ti ọmọ ìṣòwò yàtọ̀. Ìjọba ló ń ṣòfin ohun tó ń kà, ìjọba náà ló sì ń tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí ìwé yìí lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìṣòwò gan-an, tí n kò fi ní bá ọlọ́jà jà lórí ti àwọn tó kù.

Ẹ tún bi ara yín pé níbo ni òǹtẹ̀wé ti rí ìbéèrè ọdún méjì sẹ́yìn tó ní ó pé pérépéré nínú ìwé òun. Láti ọdún 2015 ni gbogbo UTME, ìdánwò JAMB yìí, ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ kì í gbé bébà ìbéèrè jáde nínú gbọ̀ngàn mọ́. Ohun tí ọmọ kan rántí lójú ọ̀nà, tó sọ fún olùkọ́ lẹ́sìnnì, tí olùkọ́ lẹ́sìnnì náà fi tirẹ̀ kún, ni wọ́n tẹ̀ síwèé tí wọ́n ń tà fún yín. Ẹni tó sì dáhùn rẹ̀ ò sọ ìdí kankan. "C" ló kọ, ó parí. Tí "C" yẹn bá jẹ́ àṣìṣe, báwo ni ọmọ tó há a sórí ṣe fẹ́ mọ̀?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kà á, ó sì wọlé. Ó dára. Ní ọdún 2025, nínú nǹkan bíi 1,950,000 ọmọ tí JAMB gbé èsì wọn jáde, àwọn tó ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ ni kò gba 200 nínú 400. Gbogbo ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ìwé o. Ọ̀gá JAMB fúnra rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oloyede, sunkún ní gbangba lọ́dún náà nítorí àṣìṣe tó mú kí wọ́n ní kí àwọn ọmọ tó tó 380,000 tún ìdánwò ṣe. Síbẹ̀, ẹ má fi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kan ṣoṣo bo gbogbo àwọn tó kù mọ́lẹ̀.

Kí wá ni kí ẹ rà? Èyí tó ṣe pàtàkì jù, owó kọ́ ni wọ́n fi ń rà á. Sílébọ́ọ̀sì JAMB wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún yín ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Òun ló ń sọ ohun tí wọ́n máa béèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé ẹ̀kọ́ tòótọ́, tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣàlàyé, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún 2020. Ẹ wo ìwé ìtàn tí JAMB yàn fún ọdún náà gan-an. The Life Changer ni wọ́n fi ń dán ọmọ wò tẹ́lẹ̀, ní 2025 wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí The Lekki Headmaster, ìbéèrè mẹ́wàá nínú ọgọ́ta ti Gẹ̀ẹ́sì ló sì wá látinú rẹ̀. Ẹni tó ra àkékúrú ìwé àná ti sọ mẹ́wàá nù kó tó jókòó.

Ìgbà tí ọmọ bá ti kàwé tán ló lè fi ìbéèrè dán ara rẹ̀ wò, orí kọ̀ǹpútà sì ni kó ti ṣe é. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni. Ìṣẹ́jú àáyá ogójì ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́jọ péré lọmọ nílò láti fi ṣe ìdánwò náà láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C, D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìdánwò sílẹ̀, R láti dá ohun tó tẹ̀ padà. Ọmọ Òkèlúsè tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí á kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ibi tí N wà. Kò sí ìwé olójú-ewé ẹgbẹ̀rún tó lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.

Àrùn ríra ìwé àtijọ́ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Àwọn tó ti gba HND tàbí dìgírì, tí wọ́n ń wá MBA lókè òkun, ń ra ìwé GMAT tòkunbọ̀ torí pé ó pọ́ọ́kú. Ìdánwò náà yí padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Wọ́n yọ àròkọ kúrò, wọ́n yọ àtúnṣe gbólóhùn kúrò, wọ́n yọ jẹ́ọ́mẹ́tìrì kúrò, wọ́n sì mú abala tuntun wọlé lórí bí a ṣe ń ka àkójọ ìsọfúnni. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ jẹ́ọ́mẹ́tìrì fún GMAT lónìí ti fi oṣù mẹ́ta ṣòfò.

Àwọn olóṣèlú wa náà ò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n gbé pátákó síta, àwòrán wọn tóbi ju orúkọ ìdánwò lọ, pé àwọn ra fọ́ọ̀mù JAMB lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ. Fọ́ọ̀mù láìsí ìwé! Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó jẹ́ olóṣèlú bíi tiwọn, kò gbé pátákó kan síta. Ó ṣe ọ̀gá Imade College láti 1947 títí di 1962, ó sì dá Owo High School sílẹ̀ ní 1963. Ẹni tó bá fẹ́ ká dárúkọ òun mọ́ ẹ̀kọ́ nílùú yìí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, owó tí ẹ máa ń ná sórí fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́, ẹ kó o sí ìwé Commerce, Economics àti àkáǹtì tuntun fún ilé-ìkàwé àwọn ilé-ìwé girama wa. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tó ń lo iná sólà sí Ifọ̀n àti Ìdóàní, kí ọmọ Ọ̀sẹ́ má baà ní láti gba ọ̀nà Ẹlẹ́gbẹ́ka, níbi tí wọ́n ti pa Olúfọ̀n, ọba Ifọ̀n, ní 2020, nítorí pé ó fẹ́ kọ́ títẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe é kí fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ tó jáde.