Fótò Tí A Kò Kọ Orúkọ Sí

Iṣẹ́ fótò yíyà ni iṣẹ́ mi. Bí ọdún bá parí, mo máa ń tú gbogbo ohun tí mo yà láàárín ọdún náà wò, kí n lè ṣa àwọn tí ó wù mí jù sọ́tọ̀. Ti ọdún 2024 ni mo fẹ́ ṣí hàn yín lónìí, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ìdílé.

Ojúde Ọba ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìtàn sọ pé ọpẹ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: àwọn Mùsùlùmí ìgbà Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ ni wọ́n lọ sí ààfin láti dúpẹ́ pé kábíyèsí gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ti ọdún 2024 bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà.

Fótò tí ayé mọ̀ jù lọ́dún náà ni ti Alàgbà Farooq Oreagba lórí ẹṣin. Kì í ṣe èmi ni mo yà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yin ìmúra rẹ̀. Àwọn mìíràn bínú sí sìgá ẹnu rẹ̀ àti ara tí ó fín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ jìjàkadì. Fótò kò yí padà, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wò ó yí padà. Fótò a máa fi ènìyàn hàn wá; kì í sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Nínú tèmi, ọ̀kan ni ti ìyá kan tí ó fi eyín di píìnì mú, tí ó ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gèlè wé kí wọ́n tó pe regbẹ́regbẹ́ wọn. Òmíràn ni ti ọmọdékùnrin kan tí ẹ̀rù ẹṣin bà, tí ó sá sábẹ́ agbádá bàbá rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sábẹ́ ibòji, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tọrọ ààyè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi arúgbó ṣe? Ó dáa, yà mí." Mo kọ orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọdún tó parí, Ọlọ́hun pè é. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá mi wá nítorí ìwé fídáù. Fótò aṣọ àti ẹṣin kún inú fóònù wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ojú bàbá hàn dáadáa. Orúkọ tí mo kọ ni ó jẹ́ kí n tètè rí i.

Ayé kì í dúró. Ọba Síkírù Adétọ̀nà tí ó wà lórí ìtẹ́ lọ́jọ́ náà pàápàá wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025.

Ẹ̀yin òbí, láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa a máa ní kí a bá wọn kọ orúkọ àti ọjọ́ sẹ́yìn fótò. Lóde òní, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà; bí fóònù bá sọnù, ó lè parí síbẹ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, ọmọ-ọmọ yóò wò ó, yóò béèrè pé, "Ta nìyí?" Ẹni tí yóò dáhùn lè má sí mọ́.

Ẹ ṣa fótò mẹ́wàá nínú ti ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ wọ́n jáde sórí ìwé, ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí a ti yà wọ́n sẹ́yìn. Ẹni tí òbí rẹ̀ ṣì wà láyé, kí ó tọrọ ààyè, kí ó yà wọ́n, kí ó sì jókòó gbọ́ ìtàn wọn.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn àgbà wa sí, kí Ó sì kẹ́ àwọn tí ó ti ṣíwájú. Àmín.